Fífẹnu tọ́ kafé inú ìgò wò kò tó

Àbúrò mi ní Ṣábẹ̀ẹ́, o ní ẹni tó ń gbé kafé inú ìgò wá fún ọ láti tà sọ pé kí o kàn máa tọ́ ọ wò, pé bí kò bá ṣáà ti kan, kò léwu. Jọ̀ọ́, má tẹ̀ lé e. Àìkan yẹn gan-an ni ewu rẹ̀.

Èmi náà ń ta á ní Àjàṣẹ́, lẹ́bàá ọjà Ouando. Ẹnì kan gbé tirẹ̀ wá bá mi lórí ọ̀kadà zẹ́mì nínú oòrùn ọ̀sán, kò sí yìnyín kankan. Ó dùn, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Kí n tó gbé e sórí àtẹ, mo ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní Kútọnu. Owó náà dùn mí, àmọ́ èsì tó jáde ni pé pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tó, lé ní 5.

Bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i ni pH rẹ̀ ń wálẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí tó ń fa botulism, àìsàn tí májèlé inú oúnjẹ ń fà, kì í lè dàgbà bí pH kò bá kọjá 4.6, kafé kì í sì í sábà kan tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá wá dé e pa, tí afẹ́fẹ́ kò wọlé, tó jókòó sínú ooru, àyè gbà á nìyẹn. Omi híhó kò pa irúgbìn tí kòkòrò náà fi ń bí sí i, àfi ooru bíi 121°C nínú ìkòkò tó ń há èéfín mọ́nú. Májèlé rẹ̀ lè wà níbẹ̀ kí ahọ́n má mọ̀. Ẹni tó bá mu ún, ìpéǹpéjú rẹ̀ á wálẹ̀, ọ̀rọ̀ á wúwo lẹ́nu rẹ̀, mímí á wá di ogun. Ní 2017, Death Wish Coffee ní Amẹ́ríkà kó kafé tútù inú agolo wọn kúrò lọ́jà nítorí ìbẹ̀rù yìí, kí ẹnikẹ́ni tó ṣàìsàn.

Kafé gbígbóná tí à ń pò lójú ẹni tó fẹ́ mu ún kò ní wàhálà yìí. Mílíkì tó ti ṣí sílẹ̀ ni kí o máa wò níbẹ̀.

Má fi bébà wọn pH o. Kafé máa ń pa bébà náà láró, ojú ò ní rí àwọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì ló dára. Fi tẹmómítà sínú fìríìjì rẹ, kí ó má kọjá 4°C, pàápàá bí iná bá lọ. Àjọ ABSSA ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ààbò oúnjẹ lé lọ́wọ́, wọn á sọ ibi tí àyẹ̀wò wà fún ọ.

Bí onítọ̀hún kò bá ní èsì àyẹ̀wò, tí kò sì fẹ́ sọ bó ṣe ń sè é, jẹ́ kó gbé ìgò rẹ̀ padà.