Ibo lára ni ọmọ ogun tó ń bá ọlọ̀tẹ̀ jà ti sábà máa ń gbọgbẹ́?

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè láti Iléṣà nítorí àbúrò yín tó wà lójú ogun ní Borno, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ọgbẹ́ máa ń pọ̀ sí jù. Ìdí ni pé ẹ̀wù líle tí ọta kì í tètè wọ̀ ń dáàbò bo àyà, akoto sì ń bo orí, ṣùgbọ́n ọwọ́, ẹsẹ̀, ojú àti ọrùn wà ní gbangba. Nínú ogun Iraq àti Afghanistan, nǹkan bí ìdajì ọgbẹ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló wà ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ohun abúgbàù ló sì fa èyí tó pọ̀ jù.

Ní ilẹ̀ wa, níbi tí ọ̀tẹ̀ Boko Haram ti gbóná láti 2009, ọta ìbọn àti bọ́ǹbù tí wọ́n rì sójú ọ̀nà ni ewu ńlá méjèèjì. Bọ́ǹbù kì í ṣe ojú kan léṣe: ó lè gé ẹsẹ̀, kó jó awọ ara, kó lu ìlù etí, kó sì mi ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ ni erùpẹ̀ tó ń tì wọnú ẹran máa ń jẹ́ kí ọgbẹ́ kẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí à bá rí gbà là, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́ ọmọ ogun láti tètè fún ọ̀já mọ́ òkè ojú ọgbẹ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Bí àbúrò yín bá sì dé tí etí rẹ̀ ń hó tàbí tí orí ń fọ́ ọ lemọ́lemọ́, bí kò tilẹ̀ ní àpá kankan lára, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un lọ rí dókítà.