Èsì: Owó gọ́tà àti ìkún omi ní Texas

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ìlú kékeré tẹ́ ẹ wà ní Texas ò lówó tó lè fi ṣe gọ́tà, pé ṣé gómìnàntì sítéètì ò lè dá sí i ni. Ó lè dá sí i o! Lẹ́yìn tí ìjì líle Harvey ba nǹkan jẹ́ ní 2017, wọ́n ṣòfin ní 2019, àwọn aráàlú dìbò fọwọ́ sí i ní November ọdún yẹn, wọ́n wá kó 793 mílíọ̀nù dọ́là sínú àpò kan tí wọ́n ń pè ní Flood Infrastructure Fund, Texas Water Development Board, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba sítéètì tó ń rí sọ́rọ̀ omi, ló ń bójú tó o. Wọ́n máa ń fún ìlú ní gíráǹtì, ìyẹn owó tí wọn ò ní dá padà, wọ́n sì tún ń yá wọn lówó, òmíì ò ní èlé rárá.

Àmọ́ ibi tọ́rọ̀ wà rèé: iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ètò ìkún omi ti sítéètì tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2024. Agbègbè 15 ni wọ́n pín Texas sí, bí odò ṣe ń ṣàn ni wọ́n fi pín in, ìkọ̀ọ̀kan ló ní ìgbìmọ̀ tiẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè wá sípàdé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ará city hall bóyá iṣẹ́ yín wà níbẹ̀, bí ò bá sí, kí wọ́n wá owó ìwádìí ná. Àwọn tó ń fúnni lówó yìí á tún bi ìlú yín pé ṣé gọ́tà yẹn ò ní da omi sílé àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò, lójú tèmi ohun tó dáa jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ sọ county tẹ́ ẹ wà, màá bá yín wo agbègbè tó bọ́ sí.