Ṣé ará Ìkòròdú lè gba ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ kí ó sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Bẹ́ẹ̀ ni, Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún ìwé náà láìsọ ìdí, gbígbé òótọ́ inú rẹ̀ síta kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi fèsì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé òfin yìí de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ pẹ̀lú.

Ibi tí ẹ̀rù wà ni abala 24 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kàn ní ó rí ẹnìkan lára lè sọni sẹ́wọ̀n ọdún 3. Wọ́n sì fi mú àwọn oníròyìn, ìyẹn kò dára rárá. Ilé ẹjọ́ ECOWAS pàṣẹ ní 2022 pé kí wọ́n tún un ṣe. Láti 2024, irọ́ tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ pa láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí sínú ewu ni abala náà ń bá wí dípò ọ̀rọ̀ tí ó kàn rí ẹnìkan lára.

Àmọ́ ìjọba lè kọ̀ láti fi àṣírí ara ẹni ẹlòmíràn tàbí ọ̀rọ̀ ààbò ìlú síta.