Kí ló dé tí àwọn onísound Jàmáíkà fi ń ha orúkọ kúrò lára àwo orin?

Ìbéèrè tí ẹnìkan bi wá ni pé kí ló dé tí àwọn tó ni sound system ní Jàmáíkà fi máa ń ha orúkọ olórin kúrò lára àwo, àti pé kí ni dubplate tí wọ́n fi ń figagbága. Ìdáhùn kan náà ló wà fún méjèèjì: àwo tí ẹlòmíì kò ní ni agbára onísound.

Ẹ má rò pé ẹ̀rọ lásán ni sound system o. Ẹgbẹ́ tó ń fi sípíkà ńláńlá gbé àwo orin sí i lóde ijó ni. Ẹni tó ni ín wà níbẹ̀, selector tó ń yan àwo wà, deejay tó ń fi maíkì dá àwọn èèyàn lára yá wà, àwọn tó ń ru sípíkà náà sì wà. Ní Kingston, ní nǹkan bí ọdún 1950, owó tí wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ olórin ju agbára mẹ̀kúnnù lọ. Ẹni tó bá ní sípíkà ńláńlá á kó o lọ sí àgbàlá, á gba owó díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á wá ta ọtí. Ọtí yìí gan-an lèrè wà. Tom Wong, onísound kan tí wọ́n ń pè ní Tom the Great Sebastian, ń ta irinṣẹ́ ilé kíkọ́. Duke Reid, onísound mìíràn, jẹ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀, òun àtìyàwó rẹ̀ sì ní ìsọ̀ ọtí.

Orin R&B (rhythm and blues) tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń kọ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń jó sí nígbà náà. Coxsone Dodd, onísound tó ń bá Duke Reid figagbága, lọ ṣiṣẹ́ oko níbẹ̀, ó sì ń kó àwo bọ̀. Bó bá rí èyí tó dùn, á ha bébà àárín rẹ̀ títí orúkọ á fi pa rẹ́, á wá sọ ọ́ lórúkọ tuntun. Orin Willis Jackson kan ló sọ di "Coxsone Hop", òun nìkan ló sì ń dá a lò. Duke Reid wá orin náà títí ó fi rí i, ó gbé e sí i lóde níṣojú Coxsone. Àbùkù ńlá nìyẹn.

Nígbà tí rock and roll gbòde l'Amẹ́ríkà, tí irú R&B tí Kingston fẹ́ kò wọ́pọ̀ mọ́, àwọn onísound kó owó wọn lọ sí sítúdíò kí olórin ilé lè kọ orin tí àwọn nìkan yóò ní. Ibẹ̀ ni ska, orin ijó Jàmáíkà, ti jáde, rocksteady tẹ̀ lé e, kí reggae tó dé. Lójú tèmi, sound ló bí reggae.

Dubplate ni àwo kan ṣoṣo tí sítúdíò gé fún onísound. Ó rọ̀, abẹ́rẹ́ tètè máa ń jẹ ẹ́, torí náà ọjọ́ tí sound méjì bá fẹ́ figagbága ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dè. Ní nǹkan bí 1968, Ruddy Redwood, onísound kan ní Spanish Town, lọ gé tirẹ̀ ní sítúdíò Duke Reid, ẹni tó gé e sì gbàgbé láti fi ohùn olórin sí i. Redwood kò dá a padà. Lálẹ́ òde, ó kọ́kọ́ gbé èyí tó ní ohùn sí i, ó fi èyí tí kò ní tẹ̀ lé e, ni gbogbo agbo bá dà á kọ fúnra wọn! King Tubby, atúnrédíò-ṣe ní Waterhouse, mú irú àwo aláìlóhùn bẹ́ẹ̀, ó ń yọ ìlù, ó ń dá a padà, ó ń jẹ́ kó dún kiri: dub nìyẹn. U-Roy, deejay sound tí King Tubby ni, sọ̀rọ̀ lórí mẹ́ta nínú irú àwo aláìlóhùn bẹ́ẹ̀ ní 1970, wọ́n sì gba ipò kìíní dé ìkẹta ní Jàmáíkà lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tó yá, àwọn olórin tó lókìkí bẹ̀rẹ̀ sí í tún orin wọn kọ fún sound kan ṣoṣo, wọ́n ń dárúkọ rẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀tá rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ẹni tí onílù bá ti ki oríkì ìdílé rẹ̀ rí á mọ bó ṣe ń mú orí ẹni wú. Kò ṣeé yá ará ilé kejì. Bí irú àwo bẹ́ẹ̀ bá wọ agbo lára, wọ́n á pariwo, wọ́n á máa gbá ògiri, selector á gbé abẹ́rẹ́ sókè, á bẹ̀rẹ̀ orin náà látìbẹ̀rẹ̀. Ìyìn ni dídá orin dúró yẹn, kì í ṣe àṣìṣe.

Àṣà ìpamọ́ yìí tẹ̀ lé sound dé ibi gbogbo. Ní São Luís, ní ìpínlẹ̀ Maranhão ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pe tiwọn ní radiola, àwọn náà fi orúkọ orin Jàmáíkà pamọ́, àwọn èèyàn sì ń sọ orin lórúkọ tó wù wọ́n, "melô" báyìí báyìí. Kool Herc, ọmọ Kingston tó ṣe òde tí wọ́n ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ hip-hop ní Bronx, ní New York, ní oṣù kẹjọ 1973, ń bó bébà àwo tirẹ̀ náà. Ní London, Duke Vin ti gbé sound tirẹ̀ kalẹ̀ ní 1955, nígbà tí ilé ijó kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jah Shaka, tó ń fi ẹ̀rọ àwo kan ṣoṣo dá òde mọ́jú. Nígbà tó fi máa di ọdún 1990 sókè, àwọn DJ jungle (orin ijó kan tó yára gan-an) tó jẹ́ ọmọ bíbí London ti ń tò síbi tí wọ́n ti ń gé dubplate fún àwọn onísound, kí wọ́n lè gba tiwọn kí òde ọjọ́ Ẹtì tó bẹ̀rẹ̀.