Èsì: Páàkì RV (ibi ìgúnlẹ̀ fún ọkọ̀ tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀) wo ni ká yà sí ní Amarillo, ní Texas?

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Nínú páàkì méjèèjì tí ẹ ń rò, èyí tó ní yàrá ààbò ìjì ni kí ẹ mú, bó tilẹ̀ wọ́n ju èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà I-40 lọ. Oṣù Karùn-ún lẹ ń lọ: àsìkò tọ̀nádò (ìjì líle tó ń yí bírí) àti yìnyín ni, RV kì í sì í ṣe ibi ìsádi. Ká ní oṣù Kẹwàá ni, èyí tó rọjú yẹn ti tó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n:
1. Ṣé yàrá náà máa ń wà ní ṣíṣí lóru? Èyí tí wọ́n bá tì pa, kí la fẹ́ fi ṣe?
2. Ṣé iná 50 amp (ìwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn) wà? AC méjì máa ń ni iná 30 amp lára.

Palo Duro Canyon, àfonífojì jíjìn tó wà nítòsí Amarillo, rẹwà gan-an, àmọ́ ọ̀nà tó wọ inú rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ yẹ bíréèkì wò.