Gbólóhùn gígùn tó ń dani lórí rú: ibo lèèyàn ti ń mú un?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹni ọdún 41, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sílé ìwé, pátí-táìmù ni mò ń ṣe, ìwé òfin sì wà lára ohun tí wọ́n ní ká máa kà. Gbólóhùn kan á gùn tó ìlà mẹ́fà, kí n tó débi tó parí sí mo ti gbàgbé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo mọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ o. Mo máa ń kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ṣé ọpọlọ mi ló ti ń gbó ni àbí ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà kà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú akitiyan, Nọ́ọ̀sì wa. Ọpọlọ yín ò gbó rárá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbà níwèé kíkà ní kíláàsì alẹ́, ohun tẹ́ ẹ sọ yìí gan-an ni wọ́n máa ń bá wá, ó sì máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń bú ara wọn lórí ẹ̀. Ẹ ti fẹnu ara yín sọ ibi tí wàhálà wà: ẹ mọ gbogbo ọ̀rọ̀. Torí náà ẹ gbé díkíṣọ́nárì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ohun tẹ́ ò tíì rí ni pé ta ló ń ṣe kí ni.

Ẹ wo eléyìí, èmi ni mo kọ ọ́, Yorùbá lásán ni: "Lándílọ́ọ̀dù tí àyálégbé tó ti san owó ọdún kan sílẹ̀ bá kọ̀wé sí lórí òrùlé tó ń jò gbọ́dọ̀ tún un ṣe láàrin oṣù kan." Ó rújú díẹ̀, àbí? Ẹ wá ọ̀rọ̀ ìṣe tó di gbogbo ẹ̀ mú, "gbọ́dọ̀ tún un ṣe" ni. Ẹ wá bi í pé ta ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Òrùlé kọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun ló sún mọ́ ọn jù, àyálégbé náà kọ́, lándílọ́ọ̀dù tó wà lókè pátápátá ni. Lándílọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ tún un ṣe, egungun ẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ohun tó bẹ̀rẹ̀ láti "tí àyálégbé" títí dé "tó ń jò" kàn ń sọ irú lándílọ́ọ̀dù tó ń bá wí ni, ẹ fi pẹ́ńsùlù há a sáàárín àmì méjì, ẹ fò ó ná, ẹ máa padà wá bá a.

Nínú ìwé òfin ó tiẹ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ torí àwọn lọ́yà fẹ́ràn 'shall' gan-an, tẹ́ ẹ bá ti rí 'shall' tàbí 'must' tàbí 'may' ẹ fàlà sí i nídìí, ẹ wá wẹ̀yìn wo ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan ohun tó ń pa àwọn tó mọ̀wé gan-an lára, ìyẹn ni kéèyàn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kékeré so mọ́. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín nípa ìbò 1979. Òfin ìgbà yẹn ní yàtọ̀ sí pé kí ìbò ẹni tó máa di ààrẹ pọ̀ jù, kó tún ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ sì jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ kan, ìyẹn ìpínlẹ̀ méjìlá tó pé, ìkẹtàlá ò pé. Ìdá kan nínú mẹ́rin Shehu Shagari pé ní ìpínlẹ̀ 12, kò pé ní ìkẹtàlá, ìyẹn Kano. Àwọn Awólọ́wọ̀ ní "ọ̀kọ̀ọ̀kan" ni òfin wí, a kì í gé ìpínlẹ̀ sí wẹ́wẹ́, 13 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Richard Akínjídé tó jẹ́ lọ́yà Shagari ní rárá, ẹ gé Kano sí mẹ́ta, ẹ mú méjì níbẹ̀. Ní September 26, 1979, Súpírìmù Kọ́ọ̀tù dá Shagari láre, Adájọ́ Kayode Eso nìkan ló takò ó. Gbólóhùn kan ṣoṣo o!

Ó tún ṣẹlẹ̀ nínú ìbò ààrẹ 2023, section 134 inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 (constitution) fi 'and' so Abuja mọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Ṣé ohun tó ń wí ni pé kí wọ́n ka Abuja mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ tá a fẹ́ mú ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn, àbí ó gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní Abuja fúnra ẹ̀ ní dandan? Tinubu ò ní i níbẹ̀, kọ́ọ̀tù sì ní bí ìpínlẹ̀ yòókù ni Abuja ṣe rí. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí 'and', 'or', 'each', 'which', ẹ dúró, ẹ fi ọfà fà á lọ síbi tó so mọ́. Tó bá lè so mọ́ ibi méjì, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní gbólóhùn kúkurú, Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, torí ẹ ò ní lè fara pamọ́ sábẹ́ òyìnbó wọn.

Méjì míì tẹ́ ẹ ó máa bá pàdé: 'subject to section 4' ń wí pé section 4 lọ̀gá, ibẹ̀ ló máa borí tí wọ́n bá ta kora. 'Notwithstanding section 4' yí i padà, ibi tẹ́ ẹ̀ ń kà lọ́wọ́ yẹn lọ̀gá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń pa méjèèjì pọ̀, ó sì máa ń jẹ wọ́n ní máàkì.

Ní ti pé ẹ̀ ń kà á lẹ́ẹ̀márùn-ún, kò burú, àmọ́ ohun kan náà lẹ̀ ń wá nígbà gbogbo. Ẹ fi ẹ̀ẹ̀kíní wá ọ̀rọ̀ ìṣe àti ẹni tó ni ín nìkan, ẹ̀ẹ̀kejì ẹ fa àwọn ọfà yín, ẹ̀ẹ̀kẹta ẹ kà á sókè pẹ̀lú ohùn, kẹ́ ẹ sì mí níbi tẹ́ ẹ fàlà sí dípò ibi tí ìlà parí sí. Ìpínrọ̀ kan péré lójúmọ́ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é o, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dé láti náìtì.