Ṣé ká ní kí wọ́n fi kún oúnjẹ tí Màmá ń gbà lójú iṣan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí Màmá mi ti wà ní ilé ìwòsàn kan ní London nítorí iṣẹ́ abẹ ìfun. Wọn ò rí oúnjẹ jẹ, wọ́n ti rù kan eegun. Àná ni àwọn nọ́ọ̀sì gbé àpò oúnjẹ olómi funfun kọ́ fún wọn lójú iṣan, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ni, tàárọ̀ talẹ́ sì ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ wọn. Ṣé ká ní kí wọ́n fi kún un?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń dunni tó láti máa wo ìyá ẹni kó rù, àmọ́ ẹni tí kò jẹun fún ìgbà pípẹ́, oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè pa á.

Nígbà tí oúnjẹ ò wọlé, ọ̀rá àti ẹran ara ni ara ń jẹ. Phosphate, potassium àti magnesium, àwọn èròjà iyọ̀ tí ara ń lò, a sì máa tán lọ nínú ara, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n wọn nínú ẹ̀jẹ̀ ṣì lè dára lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tí ṣúgà inú àpò yẹn bá ti wọlé, ara á tú insulin, èròjà tó ń darí ṣúgà ẹ̀jẹ̀, jáde, insulin á sì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Phosphate ni mo máa ń ṣọ́ jù: bó bá já wálẹ̀, iṣan tí a fi ń mí á rọ, ọkàn náà ò ní lágbára mọ́. Tí potassium bá já wálẹ̀, ọkàn lè máa lù ségesège. Ní 1981, Weinsier àti Krumdieck, oníṣègùn ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa aláìsàn méjì tó ti rù, tí wọ́n rọ oúnjẹ sí lójú iṣan ní àrọjù. Àwọn méjèèjì ló kú.

Ìdí nìyí tí ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú ní England, fi ní kí irú aláìsàn bíi Màmá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kálórì tí kò ju 10 lọ fún kìlógíráàmù kan lójúmọ́, kí a sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 4 sí 7. Tí Màmá bá wọn kìlógíráàmù 40, kálórì 400 péré nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà ló ń sọ fún dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n fi kún un.

Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni pé: ṣé Màmá ti gba fítámínì B1 kí oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀? Mélòó ni phosphate wọn lónìí? Ẹ má sì yọ́ fún wọn ní malt tàbí Lucozade o. Ṣúgà ni, ìfun wọn ò sì tíì jinná. Bí ẹsẹ̀ wọn bá wú, tí wọ́n ń mí gúlegúle, tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu mọ́, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀.